Ariwo Gíábọ́ọ̀sì Mi

Ọdún 1974 nìyí, ní Ìpọ̀nrí, inú ń bí mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àmúsà mẹkáníìkì ti tú gíábọ́ọ̀sì àlòkù tó wà nínú mọ́tò ìjàpá mi.

Ó ní bíárìn rẹ̀ ló gbó, òun sì ti fi tuntun sí i.

Síbẹ̀, bí mo bá ti wà á wọ kòtò báyìí, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀.

"Ìyá, tí èmi bá wà á, n kì í gbọ́ nǹkan kan."

"Irọ́ ni. Bíárìn tó gbó yẹn náà lo fọ̀, tí o dá padà. Gbogbo Ìpọ̀nrí ni yóò gbọ́ lónìí pé olè ni ọ́."

Ojú rẹ̀ fà ro.

"Ẹ dúró síbí, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n dá wà á níṣojú gbogbo èèyàn."

Ó wà á wọ kòtò, ó wà á jáde. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń dún.

Mo ní ó rọra wà á ni. Mo ká ìró mọ́ra, mo sáré tẹ̀lé e.

Ariwo náà sáré tẹ̀lé mi.

Mo dúró. Òun náà dúró.

Jìgìdà tuntun tí mo wọ̀ sídìí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, èmi ọlọ́mọ-ọmọ mẹ́fà.

Mo bẹ Àmúsà níṣojú gbogbo wọn.

"Kò burú, Ìyá. Bíárìn tìyẹn, ẹ gbé e lọ fún Bàbá nílé."