Ìrù Tí Igbákejì Ò Ní

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ẹtù, tí àárò odò tó ti gbẹ ń sọ.

Erin ń du oyè ọba, ó wá fa Ọ̀pọ̀lọ́ kalẹ̀ ṣe igbákejì.

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?" làwọn ẹranko bi í nípàdé.

"Mo mọ ibi tí omi sá pamọ́ sí."

"Ṣé ará omi ni ọ́ àbí ará ilẹ̀? Láìní ìrù, kí lo máa fi lé eṣinṣin lára ọba?"

Ẹtù fẹ́ gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìrù tirẹ̀ náà kúrú. Ó dákẹ́. Wọ́n mú Ọ̀bọ onírù gígùn ṣe igbákejì. Ọ̀pọ̀lọ́ bá tirẹ̀ lọ, ó ń kọrin:

Omi ń bẹ lábẹ́ àpáta,
Ṣẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀.
Ẹ bá mi ká lọ,
Ṣẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀.

Ẹtù wá Ọ̀pọ̀lọ́ títí, kò rí i. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń gbe orin náà nínú ìgbẹ́. Ohùn tí ì bá fi sọ̀rọ̀ nípàdé ló fi ń gbè é.