Iṣẹ́ Akínwùmí Tó Kù Lórí Ẹ̀rọ

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mórẹ̀nikẹ́ nìkan ló kù nínú yàrá tí kọ̀ǹpútà àgbà ilé iṣẹ́ wọn wà. Ọ̀gá fẹ́ kó fi ètò tuntun sórí rẹ̀, èyí tí yóò máa yí ìwé àwọn oníbàárà padà sí irú tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Ṣùgbọ́n ètò náà kò ní wọlé àfi bó bá kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́. Akínwùmí, ọkọ rẹ̀, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti àtijọ́ kó tó kú. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe, òun nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́.

Mórẹ̀nikẹ́ na ìka sí bọ́tìnnì tí yóò pa á rẹ́.

Kó, kó, kó. Nǹkan kan ń lu tábìlì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Akínwùmí ṣe máa ń fi òrùka ìgbéyàwó lu tábìlì bó bá ń ronú. Òrùka yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín. Mórẹ̀nikẹ́ kò bojú wẹ̀yìn.

Bàbá Sùlé, ọdẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí kò mọ Akínwùmí rí, dúró lójú fèrèsé, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú yàrá.

"Ẹ ò ní relé ni? Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́ o."

Kí Mórẹ̀nikẹ́ tó la ẹnu, ẹnìkan dáhùn lẹ́yìn rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́:

"A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí n parí iṣẹ́ mi yìí kó tó pa á rẹ́."