Ilé Tí Wọ́n Ń Bẹ̀rẹ̀ Wọ

Gbàù! Bíríkìlà forí sọ àtẹ́rígbà.

“Pẹ̀lẹ́,” ni ìyá onílé wí. “A kì í nàró wọ ilé yìí. Ọ̀wọ̀ àwọn baba wa ni.”

“Ọ̀wọ̀ yìí mà le o, Mà!”

Ọmọ ìyá onílé, tó ga bí òpó iná, ló ní kó wá gbẹ́ ilẹ̀ yàrá wálẹ̀, kí orí òun lè sinmi. Bíríkìlà gbé dígà. Ó fọ́ sìmẹ́ǹtì, ó kan iyanrìn òkun. Lábẹ́ iyanrìn, ilẹ̀ bíríkì. Ó fọ́ ìyẹn náà: iyanrìn tún ni, lẹ́yìn náà ilẹ̀ olókùúta. Bó ṣe yọ òkúta kan báyìí, omi iyọ̀ rú jáde, ó bo bàtà rẹ̀.

“Ìyá, ọ̀wọ̀ kọ́ o! Òkun ló ń lé àwọn baba yín! Bó bá ti ga sí i, wọ́n á da iyanrìn, wọ́n á tún ilẹ̀ tẹ́, wọn ò ní fọwọ́ kan òrùlé!”

Ìyá ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. “Má pariwo. Da iyanrìn rẹ padà, kí o sì gbé ilẹ̀ náà ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

“Háà! Àwọn ọmọ-ọmọ yín á máa rákò wọlé nìyẹn!”

“Màá sọ fún wọn pé ọ̀wọ̀ ni,” ni ìyá wí. “Ohun tí ìyá mi sọ fún mi nìyẹn, lọ́jọ́ tí àwọn náà da iyanrìn tiwọn.”