Fóònù Alàgbà Kò Gbọ́ Ti Kọ̀ǹpútà

Alàgbà Ọlálérè, onílé kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, ń làágùn lábẹ́ fáànù.

Fọ́tò ìyá rẹ̀ tó di olóògbé wà nínú fóònù, kọ̀ǹpútà ò rí i gbà, atẹ̀wé tó fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú sì ń pè lemọ́lemọ́.

Ó ké sí Fúàdì, ayálégbé rẹ̀.

"Fúàdì ọmọ mi, ṣé o ti mú olè tó ń lo Wi-Fi rẹ?"

"Rárá, Bàbá. Oṣù ò tíì dé ìdajì, dátà ti tán."

"Má mikàn. Ẹni tó jí fèrè ọba, níbo ló ti fẹ́ fọn ọ́n?"

Onílé rere! Òun ló bá Fúàdì gba àpótí Wi-Fi náà, tí ọ̀rọ̀ aṣínà wà lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Òun náà ló pe ìpàdé ayálégbé, tó gbé Bíbélì sókè, tó ṣépè fún olè.

Fúàdì jókòó ti kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, orí Wi-Fi kan náà ló yẹ kí méjèèjì wà. Kọ̀ǹpútà wà lórí tiyín. Ẹ jẹ́ n wo fóònù."

Alàgbà di fóònù mọ́ àyà.

"Ṣé kò sọ́nà mìíràn?"

"Fọ́tò ìyá yín ńkọ́, Bàbá?"

Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Orúkọ Wi-Fi tó wà lójú fóònù ni "Ilé Fúàdì".

Fúàdì kọjú fóònù sí i.

"Bàbá, fèrè mà ti dún o."