Omi Ìwẹ̀ Ìkókó

Ìyá àgbà lóṣòó ti bàsíà ìwẹ̀, ó fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sínú omi.

Àfi gbàgà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin já wọlé, tó já ìkókó náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ má wẹ̀ ẹ́, Mọ́mì!"

Ọ̀rọ̀ náà gún màmá lọ́kàn. Gbogbo ọmọ tó bí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wẹ̀ wọ́n dàgbà.

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti sọ fún ọ pé àjẹ́ ni mí?"

Ọmọ rẹ̀ gbá ìkókó mọ́ àyà.

"Ó dáa. Màá kó ẹrù mi. Ọkọ rẹ ló ń kọ́ ọ, mo mọ̀!"

"Mọ́mì, ṣé ẹ fọwọ́ kan omi yẹn?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dáadáa. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni."

Ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bá bú sẹ́kún.

"Mi ò tíì bu omi tútù sí i, Mọ́mì. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni mo gbé e kúrò lórí iná. Ẹ wo ọwọ́ yín!"

Màmá wò ó. Ó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, awọ rẹ̀ ti ń lé ròrò.

Kò dùn ún rárá.

"Àtọ̀gbẹ yẹn ni," ọmọ rẹ̀ ní. "Dókítà kìlọ̀ fún wa pé ó lè pa iṣan tí èèyàn fi ń mọ ìrora."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

"Ẹsẹ̀ mi ti kú bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Mi ò fẹ́ kó yín láyà sókè ni."

Ìkókó ké. Màmá nawọ́ sí i bó ṣe mọ́ ọn lára, ó sì yára fà á padà.

"Gbé e jìnnà sí mi."