Ohùn Létí Adágún

Fadérera kì í ṣe ọmọ ìlú tó wà létí adágún náà, iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀. Ẹnjiníà ni, òun ló ń kọ ètò tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ gbọ́ ara wọn. Ó ti so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan mọ́ òpó létí adágún, kó lè máa kìlọ̀ bí omi bá ń kún. Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé orí kọ̀ǹpútà Fadérera. Ìyẹn ló ń tún ṣe nínú ọ́fíìsì orí òkè nígbà tí ilẹ̀ ṣú.

Bó ṣe tún un ṣe tán, àwòrán mọ́ kedere. Ó rí Bàbá Láṣebìkan, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ adágún náà, tó ń rìn wọnú omi, obìnrin kan sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó sáré pè é lórí fóònù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò nínú omi!"

"Omi wo? Ẹ̀bà ni mò ń jẹ ní yàrá mi lẹ́nu géètì."

Fadérera tún wo àwòrán. Omi ti mu bàbá dé àyà.

"Bàbá, ẹ má jáde o."

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnjiníà, ṣebí ìwọ lò ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló wá ń fi ohùn rẹ pè mí létí omi?"

Orí Fadérera wú; ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni àwòrán náà ń fi hàn án. "Ẹ má dáhùn! Ẹ ti ilẹ̀kùn!"

Ó gbọ́ tí bàbá ti ilẹ̀kùn gbàgà. Lójú ẹsẹ̀, bàbá pòórá nínú àwòrán, ó ku obìnrin náà nìkan. Ó yíjú sí kámẹ́rà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ títí omi fi bo orí rẹ̀, omi náà kò sì mì rárá.