Itọ́ Ara Pákò

Wọ́n jí wúrà Tọ̀yìbátù, opó tó kun tìróò wá sí kóòtù Niamey yìí.

Àyẹ̀wò DNA ní itọ́ Jùnáídù, ọkọ mi, ló wà lára pákò tí wọ́n bá nílé obìnrin náà.

Lọ́yà wa dìde. "Itọ́ tí ọlọ́pàá fi wé e, ẹjọ́ àtijọ́ tí Jùnáídù ti jàre ni wọ́n ti gbà á. Òfin ní kí wọ́n ti dà á nù!"

Adájọ́ gbà. Ó dá ọkọ mi sílẹ̀.

Ìyá ọkọ mi dì mọ́ mi. "Ìyàwó mi, ọmọ mi kì í ṣe olè!"

"Mo mọ̀, Ìyá."

Mo tẹ̀ lé ọkọ mi dé ilé Tọ̀yìbátù lọ́jọ́ tí wúrà náà sọnù. Bí àwọn méjèèjì ṣe jáde, mo wọlé, mo bá pákò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Èmi ni mo kó wúrà.

Àbí Tọ̀yìbátù nìkan ló mọ nǹkan oníǹkan í kó?